Ogún Ọdún Lọ́wọ́ Àna: Jákọ́bù, Lábánì àti Owó Òṣìṣẹ́ ní Gúúsù Èkìtì

Ìwàásù lórí Jákọ́bù kò wọ́n ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré. A máa ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, nítorí ìfẹ́ tó mú kí ọdún méje dà bí ọjọ́ díẹ̀ lójú ọkùnrin. A máa ń gbọ́ ọ níbi ìsọjí, nítorí ìjàkadì òru tó sọ ọ́ di olórúkọ tuntun. Apá tí a kì í fẹ́ dúró lé lórí ni Gẹ́nẹ́sísì orí 29 títí dé 31, níbi tó ti fi ogún ọdún gbáko ṣiṣẹ́ fún Lábánì, arákùnrin ìyá rẹ̀, tí ọ̀gá yìí sì pa owó iṣẹ́ rẹ̀ dà nígbà mẹ́wàá. Ẹjọ́ owó iṣẹ́ ni. Bí ẹjọ́ owó iṣẹ́ ni mo sì fẹ́ gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé láàárín wa ní gúúsù Èkìtì yìí, láti oko kòkó Ìsẹ̀ dé ìsọ̀ aránṣọ ní Ìkéré, títí dé ọ̀dọ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí kò tíì fojú kan gìrátúítì rẹ̀, ẹjọ́ náà wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìṣàdéhùn ló kó ìyà jẹ Jákọ́bù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì ju oṣù kan lọ nílé Lábánì tí Lábánì fúnra rẹ̀ fi bi í pé kí ni yóò máa gbà, pé kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ìbéèrè tó dára ni. Jákọ́bù dá a lóhùn, iye ọdún sì yé àwọn méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka ọdún, òun náà ló ń wọn iṣẹ́, òun náà ló ń dá ọjọ́ ìsanwó: ọ̀gá tó tún jẹ́ bàbá ìyàwó, tó tún jẹ́ olórí ilé. Jákọ́bù kò ní ẹlẹ́rìí kankan tó lè tọ̀ lọ. Mo gbà pé níbẹ̀ ni gbòǹgbò ìyà òṣìṣẹ́ tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà, nígbà náà àti nísinsìnyí.

Ẹ jẹ́ ká tún ìtàn náà kà pẹ̀lú ojú yẹn. Lábánì kì í ṣe ẹni tí kò mọ iye tí ìyàwó ń náni. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ Rèbékà, arábìnrin rẹ̀, ràkúnmí mẹ́wàá ni ìránṣẹ́ Ábúráhámù kó wá, wúrà tó wà lára Rèbékà ni Lábánì sì kọ́kọ́ rí kó tó sáré jáde lọ pàdé àlejò. Nígbà tí ọmọ Rèbékà dé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní nǹkan ìdána, ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ọdún méje fún Rákélì, ọmọbìnrin Lábánì. Ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, Léà, ẹ̀gbọ́n Rákélì, ló bá lórí ibùsùn. Lábánì kò sẹ́ àdéhùn, ó fi àṣà gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀: wọn kì í fi àbúrò fọ́kọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n ní ìlú wọn. Ó mọ àṣà yìí ní gbogbo ọdún méje, kò lanu. Ọdún méje mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́rìnlá wọ̀nyí ni ọdún mẹ́fà tó fi gba ẹran. Wọ́n jọ gbà pé kí ó mú àwọn ẹran abilà àti alámì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni Lábánì ṣa gbogbo irú ẹran bẹ́ẹ̀ kúrò nínú agbo, ó kó wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí àárín wọn. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí owó rẹ̀ ti rìnrìn àjò.

Ohun tó wá ta mí jù ni ọ̀rọ̀ tí Jákọ́bù sọ nígbà tí inú rẹ̀ ru ní Gílíádì, níbi tí Lábánì ti lé e bá lẹ́yìn tó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Oòrùn jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, òtútù mú un lóru, oorun dá lójú rẹ̀. Ẹran tí ẹranko búburú bá fà ya, tàbí tí olè bá jí, òun ló ń san án, yálà lọ́sàn-án ni o tàbí lóru. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí a ṣe ń kà á lọ. Òfin Hammurabi, ọba Bábílónì àtijọ́, tó ti pẹ́ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún méje, sọ pé bí kìnnìún bá pa ẹran ní agbo, kí darandaran búra, kí olówó ẹran sì gba àdánù náà. Òfin inú Ẹ́kísódù orí 22 sọ ohun tó sún mọ́ ọn: kí ẹni tí wọ́n fi ẹran ṣọ́ mú òkú ẹran náà wá bí ẹ̀rí, kò ní san án. Ní ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé J. J. Finkelstein gbé ìwé àdéhùn darandaran ilẹ̀ Bábílónì àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Jákọ́bù, ó sì hàn pé èdè ẹni tó mọ àdéhùn ẹran dáadáa ni Jákọ́bù ń sọ. Ẹ̀dùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ tí bàbá bá wí. Òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó sì mọ ibi tí ọ̀gá ti rékọjá ààlà, ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn oníwàásù kan a máa sọ pé ẹ̀san ni. Ó rẹ́ Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ, ó tan bàbá tó fọ́jú, Ọlọ́run wá fi í lé ẹni tó jù ú lọ nínú ẹ̀tàn lọ́wọ́. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Inú ìtàn náà gan-an ni òkùnkùn kan dáhùn òkùnkùn kejì. Ṣùgbọ́n ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ bí a ṣe ń lò ó, nítorí pé ó ń sọ Lábánì di ohun èlò lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ẹjọ́. Ìtàn fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ tí Lábánì ń lépa Jákọ́bù, òun ni Ọlọ́run kìlọ̀ fún lójú àlá. Nígbà tó sì di ìgbà òfin, Diutarónómì orí 15 pàṣẹ pé ẹrú tó bá ti sìn ọ́ tó ń lọ ní ọdún keje, má rán an lọ lọ́wọ́ òfo. Di ẹrù fún un láti inú agbo ẹran, láti ilẹ̀ ìpakà, láti ibi ìfúntí. Ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ òfo yìí kan náà ni Jákọ́bù fi kan Lábánì lójú. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ òfin yẹn mọ ìtàn yìí.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, kò sí ẹni tí iṣẹ́ àna ṣàjèjì sí. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ènìyàn a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó, wọn a kọ ebè, wọn a bá a bo ilé. Ọ̀wẹ̀ ni. Àna a sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu, obìnrin ilé a máa kí wọn, gbogbo ìlú a sì mọ pé lágbájá ló wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni lọ́dún, kì í ṣe ọdún méje léra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é pọ̀, nítorí náà ẹlẹ́rìí kún oko. Kò sì sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́ owó. Lábánì mú ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀wẹ̀, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ owó. Nígbà tí àsìkò owó sì tó, ó tún dá a padà sí ọ̀rọ̀ àna. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí ni mo ń rí káàkiri títí di òní: iṣẹ́ ni nígbà tí a bá fẹ́ kí o jí ní aago márùn-ún àárọ̀, ẹbí ni nígbà tí o bá béèrè owó.

Èyí tó wá sún mọ́ Jákọ́bù jù nínú àṣà wa àtijọ́ ni ìwọ̀fà. Ẹni tó jẹ gbèsè a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe dúró fún èlé, orí owó kò dín kọ́bọ̀. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè náà yóò ṣì jókòó bí ó ṣe wà. Samuel Johnson tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ẹni òmìnira ni ìwọ̀fà, kì í ṣe ẹrú, olówó kò sì gbọdọ̀ lò ó bí ẹrú. Òótọ́ ni pé ààlà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó wọ ilẹ̀ Èkìtì, tí owó orí ìjọba amúnisìn sì ń lé ọkùnrin kiri, ìwọ̀fà di ọ̀nà tí oko ọlọ́rọ̀ fi ń gbòòrò sí i, títí ìjọba fi fòfin dè é díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1940. Àwọn tó fẹ́ràn àtijọ́ a máa dáàbò bò ó pé ó ran aláìní lọ́wọ́. Ó ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó yá owó. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń jẹ òógùn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Mo máa ń rántí níbí pé Samuel Ajayi Crowther, tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ Jákọ́bù ní èdè wa mọ bí ara ṣe ń rí nígbà tí ẹlòmíràn bá dá iye lé ọ lórí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìsọ̀. Ní ojú ọ̀nà Ìkéré, aránṣọ, mẹ́káníìkì, onírun, wẹ́dà, káfíńtà, gbogbo wọn ló ní ọmọ iṣẹ́. Bàbá tàbí ìyá ọmọ àti ọ̀gá a kọ ìwé àdéhùn, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀gá a kọ́ ọ níṣẹ́, ọmọ a sì máa gbálẹ̀, a máa pọnmi, a máa jíṣẹ́, a máa bá a tọ́jú ọmọ nígbà mìíràn. Ètò yìí ti sọ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn di oníṣẹ́ ọwọ́ láì gba ilé ìwé kankan kọjá, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú lódindi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìparí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ti pé ọdún kò lè lọ bí kò bá ṣe fúrídọ̀mù. Mo ti jókòó níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fi téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí tuntun lé e lọ́wọ́, ó gbàdúrà gígùn, àwọn ẹgbẹ́ aránṣọ fọwọ́ sí sàtífíkéètì, kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú gbogbo ènìyàn dùn, inú mi náà dùn. Ìgbà tí mo bi í ní ọjọ́ orí iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi pé àdéhùn ti pé tipẹ́. Owó tí wọ́n ní kó mú wá fún ayẹyẹ ni kò sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ní gbogbo àsìkò tó fi ń wá a. Aṣọ oníbàárà tó ń rán nígbà náà kì í ṣe aṣọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ọ̀gá. Ọdún méje Léà parí, ọdún méje Rákélì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yẹn kì í ṣe òǹrorò. Àṣà ló fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lábánì.

Àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn Ígbò, ní ètò tiwọn tí ẹnu kò sìn lára rẹ̀: ọmọ ọjà a sin ọ̀gá fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, ọ̀gá a sì fún un ní owó tàbí ọjà láti dá dúró. Òfin Diutarónómì ló jọ. Àmọ́ níbẹ̀ náà, ọ̀gá ni adájọ́. Bí ìpínyà bá kù díẹ̀, ẹ̀sùn olè a máa yọ, ọmọ a sì jáde lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọmọ Lábánì náà kò kọ́kọ́ bú Jákọ́bù. Wọ́n kàn sọ pé ó ti kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti bàbá wọn ni.

Kí n má baà jẹ́ kó dà bí ẹni pé kò sí ìránṣẹ́ tí ilé ọ̀gá gbé ga rí, Ìsẹ̀ ní ìdáhùn. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí 1873, tó sì kú ní 1938, ìránṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ láàfin Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀. Ààfin yẹn ló fún ọwọ́ rẹ̀ láyè láti di ọwọ́ agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo Èkìtì. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré, tí ó gbẹ́ àwòrán ọba sí lára, níbi tí ó ti jókòó gba òyìnbó aṣojú ìjọba lálejò. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú oríkì náà. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń wí pé òṣìṣẹ́ kò lè rí iyì láyé àtijọ́. Ó rí i níbi tí ọ̀gá bá fẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìfẹ́ ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ní oko, ọ̀rọ̀ náà le ju ti ìsọ̀ lọ. Ilẹ̀ Ìsẹ̀ àti Emùré, tó sún mọ́ odò Ògbèsè àti igbó ọba Ìsẹ̀, jẹ́ ilẹ̀ kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lónìí, púpọ̀ nínú wọn wá láti Bẹ́núé, láti Kogí, láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Alágbàṣe a gba owó lórí ebè. Alágbàtọ́jú oko kòkó a gba ìdámẹ́ta ohun tó bá so. Ẹni tó jẹ́ ti ọlọ́dún a wá ní oṣù kìíní, a jẹ, a sùn lóko, a sì gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìparí ọdún, tàbí kí wọ́n ra ọ̀kadà fún un.

Ti alágbàṣe ló yá jù láti rí ìrẹ́jẹ. Igba ebè ni òṣùwọ̀n. Ọkùnrin náà a kọ ebè rẹ̀, a fi ẹ̀ka igi sàmì sí ìparí poro kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́, olóko a dé, a tún un kà. Bí ó bá kà á tán, a ní ebè wọ̀nyí kéré, pé méjì ló máa dúró fún ọ̀kan. Ọkùnrin náà a wo ilẹ̀. Oòrùn ti wọ̀, ebè kò sì ṣe é kó padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ló pàdánù. Ọ̀la ó lè lọ sóko ẹlòmíràn. Ọlọ́dún kò ní ọ̀la yẹn. Bí ó bá bínú lọ ní oṣù kẹsàn-án, ó ti fi oṣù mẹ́jọ ṣòfò, olóko sì mọ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó lanu nígbà tí wọ́n bá ní kó tún lọ bá wọn fọ ilé ní ìlú, tàbí nígbà tí wọ́n bá yọ owó oògùn rẹ̀ kúrò nínú owó ọdún. Owó tí wọ́n dá ní oṣù kìíní kì í sì í dúró dè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Nàìjíríà jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ti ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó gba adúrú owó tí wọ́n ṣèlérí gẹ́lẹ́, wọ́n ti yí owó rẹ̀ padà láì sí ẹni tó yí i.

Ní ọdún yẹn kan náà, owó kòkó gorí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Ìdámẹ́ta alágbàtọ́jú tó ti ń tọ́jú oko láti ìgbà tí kòkó kò tà di ohun tí ojú ń wọ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ojú onílẹ̀ máa ń yí padà, tí yóò rántí pé ọmọ òun ti parí iléèwé, pé òun fẹ́ gba oko òun. Gẹ́nẹ́sísì 31 sọ pé Jákọ́bù wo ojú Lábánì, kò sì rí i bíi ti àná. Ìgbà wo ni? Ìgbà tí agbo ẹran Jákọ́bù pọ̀.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ti 1971, ní ohun tó dára nínú. Abala keje ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Abala kẹẹ̀ẹ́dógún ní owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù kan lọ kó tó jáde, bí ó ti wù kí àdéhùn gùn tó. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo àdéhùn ọlọ́dún tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ní Kérésìmesì lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n abala kọkànlá ní àléébù kan tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ oṣù kan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tó ti ṣe ogún ọdún ńkọ́? Oṣù kan náà ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi lé e kò ní ìwọ̀n kankan lójú abala yẹn. Abala kọkànléláàádọ́rùn-ún, níbi tí òfin ti sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, tún yọ ẹbí ọ̀gá kúrò. Ká ní Háránì, ìlú Lábánì, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ̀/Ọ̀rùn, Jákọ́bù ọmọ Rèbékà kì bá lè pe Lábánì lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin yìí.

Owó ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ aládàáni náà, lábẹ́ òfin 2014, ó di dandan fún ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè: ọ̀gá a dá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ a dá mẹ́jọ. Ilé búrẹ́dì tí èèyàn mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́ ní Emùré kò sí níbẹ̀, oko tí ènìyàn mẹ́rin ń ro kò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè wá, wọ́n bọ́ gba àárín àwọ̀n yìí.

A lè rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló sàn. Ìwé wà níbẹ̀, fáìlì wà, ọjọ́ ìgbaniṣíṣẹ́ àti ọjọ́ ìfẹ̀yìntì hàn kedere. Abala 210 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún márùn-márùn-ún tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù ṣe. Síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, gbèsè gìrátúítì ń ti ọwọ́ gómìnà kan bọ́ sí ti èkejì. Àwọn kan san díẹ̀, àwọn kan dá kún un. Mo mọrírì gbogbo ìjọba tó dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní tíṣà kan ní Ìkéré yẹ kó gba mílíọ̀nù méjì náírà ní 2014, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí 160 náírà. Owó náà tó 12,500 dọ́là nígbà yẹn. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù méjì náà fún un ní 2024, tí dọ́là ti di nǹkan bí 1,500, kò ju 1,333 lọ. Ìwé ìjọba yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti san án pé. Àwọn arúgbó tó ń gba fọ́ọ̀mù wíwà-láàyè, tí wọ́n gbé àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí igun rẹ̀ ti ya mọ́ra, tí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú inkì tó ti ń pa rẹ́, wọ́n mọ̀ pé kò pé.

Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé ìwé nìkan ni oògùn. Tíṣà ní ìwé, ìwé náà kò sì gbà á. Ohun tó kù ni ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí: ọjọ́ tí owó gbọdọ̀ jáde, àti ẹni tí ọ̀gá kò lè pàṣẹ fún tí yóò mọ̀ bí kò bá jáde. Ní Gílíádì, nígbà tí Jákọ́bù ti sá pẹ̀lú aya àti ọmọ, tí Lábánì fi ọjọ́ méje lépa rẹ̀, wọ́n kó òkúta jọ di òkìtì, wọ́n pè é ní ẹlẹ́rìí, wọ́n jẹun lórí rẹ̀, wọ́n sì pínyà. Ó ṣiṣẹ́. Kò tún sí ìjà láàárín wọn. Òkìtì yẹn pẹ́ ní ogún ọdún. Oṣù kìíní, ọjọ́ tí Lábánì béèrè pé kí ni owó rẹ, ni ó yẹ kí wọ́n kó o jọ.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Adó-Èkìtì kò lè tún Òfin Iṣẹ́ ṣe, nítorí pé Àbújá nìkan ni òfin ìpìlẹ̀ fún ní agbára lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkéré, ṣùgbọ́n owó agbẹjọ́rò jìnnà sí ẹni tó ń kọ ebè. Ohun tó wà lágbára wa kéré, ó sì ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ aránṣọ àti ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì lè yọ fúrídọ̀mù kúrò lára òmìnira: bí ọdún bá ti pé, kí ọmọ máa lọ, kí ayẹyẹ dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ owó. Àwọn baálẹ̀ ahéré lè ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ọlọ́dún yóò wà, iye tí wọ́n dá, àti owó tó ń jáde lóṣooṣù. Ìjọ wa, tó ń ka Jákọ́bù lóṣooṣù, lè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń gbá a.

Àwọn mìíràn wà nínú ìtàn yìí tí òkìtì Gílíádì kò jẹ́rìí fún. Léà àti Rákélì fúnra wọn sọ pé bàbá àwọn ti ta àwọn, ó sì ti jẹ owó àwọn tán. Wọ́n rí ẹnu sọ ọ́, ó kéré tán. Bílíhà àti Sílípà kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní gbogbo orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lábánì fi wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹrù ìgbéyàwó, wọ́n bí mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin méjìlá Jákọ́bù, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé kí ni owó yín. Jákọ́bù tó ń pariwo ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kò bi wọ́n.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì wà nílé wa. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí a mú láti abúlé pé a ó rán an níwèé, tó ń pe ìyá ilé ní mọ́mì, tó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tí yóò kúrò ní ọmọ ogún ọdún pẹ̀lú àpò aṣọ kan. Òfin Iṣẹ́ ní abala kọkàndínlọ́gọ́ta fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọmọdé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, nítorí náà olúkúlùkù ló ń sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ni lóòótọ́, iléèwé tó wà ládùúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ni kó máa lọ, ní aago kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ló wá ṣe, ẹ dúró kó dàgbà tó iṣẹ́ ná, kí ẹ ṣí àkáǹtì sí orúkọ rẹ̀ ní báńkì, kí ẹ máa san owó rẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, kí ìwé báńkì náà sì wà lọ́wọ́ ìyá tó bí i.